Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kí ẹ tó gbé ọ̀dà

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn yín lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú kékeré tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ọ̀dà tuntun, iná tuntun, àpótí onígíláàsì tuntun, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo wá títí tí n kò rí ni rẹ́jísítà, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹrù ilé náà sí. Kò sẹ́ni tó sọ iye ẹrù tó wà nínú ilé náà, kò sì sẹ́ni tó sọ ẹni tó kó wọn wá àti bó ṣe rí wọn. Ilé tó bá ní ẹrù ayé àwọn amúnisìn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kó tó ṣí ìwé yẹn.

Ẹ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt-Rivers tó wà nígbà kan ní abúlé Farnham, ní Dorset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìlú Bìní ní oṣù kejì ọdún 1897, Pitt-Rivers, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé náà sílẹ̀, ra púpọ̀ nínú ẹrù tí wọ́n kó, kó tó kú ní 1900. Nígbà tó yá wọ́n ti ilé náà pa, ẹrù ibẹ̀ sì fọ́n ká sọ́wọ́ àwọn olówó. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé ńlá mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ ẹrù náà sí, tí wọ́n sì ya àwòrán wọn sí. Àwọn ìwé ọ̀hún wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Cambridge. Bí ohun kan láti Farnham bá yọjú ní ọjà gbàǹjo, ibẹ̀ la ti ń dá a mọ̀.

Nọ́ńbà ara ẹrù ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, 1923.4.7 túmọ̀ sí pé ọdún 1923 ni ó wọlé, pé òun wà lára ẹrù kẹrin tí wọ́n gbà lọ́dún náà, pé òun sì ni ìkeje nínú wọn. Ibi tó ti ń dàrú ni pé nọ́ńbà kan lè wà lára ohun méjì, tàbí kí ohun kan ní nọ́ńbà mẹ́ta nítorí pé gbogbo alábòójútó tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ẹ má pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Èyí tí kò sí nínú rẹ́jísítà lè jẹ́ ti oníṣòwò tó tà á: Webster, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ta ọ̀pọ̀ ẹrù Bìní, tẹ ìwé àfihàn ọjà alálàyé tó ní nọ́ńbà àti àwòrán láàárín 1895 sí 1901.

Ìwé àtijọ́ sì fẹ́ràn láti kọ “ẹ̀bùn”. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn nìkan nìyẹn. Opó ajẹ́lẹ̀ tó kó àpótí ọkọ rẹ̀ wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi í tọrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n báwo ni ọkọ náà ṣe rí i? Ẹni tó fúnni àti ẹni tó kó o nílé onílé gbọ́dọ̀ ní àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ́jísítà. Ibi tí ìdáhùn kò bá sí, ẹ kọ “a kò mọ̀”. Àbá tí ẹnì kan dá lónìí ni àwọn tó ń bọ̀ yóò máa dà kọ bí ẹni pé òótọ́ ni.

Àwọn tó ń nu ẹrù sílẹ̀ de ọjọ́ ìkunlé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Aṣọ tútù àti ọṣẹ máa ń yọ bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ère, ó sì ń fọ epo àti osùn tó jẹ́ ẹ̀rí bí wọ́n ṣe lò ó dànù. Ẹ yí ẹrù náà padà, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́: lẹ́tà pẹ́ńsù tó ti ṣá yóò hàn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ nọ́ńbà sára igi tàbí idẹ tó dán, ẹ kọ́kọ́ fi Paraloid B-72 (oje ike tí kò ní àwọ̀) tí ẹ ti yọ́ nínú acetone pa ibẹ̀ tín-ínrín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kọ ọ́, kí ẹ tún fi díẹ̀ bò ó. Ẹ má kọ ọ́ sí ibi tí ẹrù náà fi ń jókòó, nítorí yóò pa rẹ́. Fún aṣọ, ẹ kọ ọ́ sórí ọ̀já òwú funfun, kí ẹ rán an ní ojú abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sí àárín fọ́nrán. Ẹ jìnnà sí ọ̀dà èékánná àti sẹ́lótéèpù. Gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù ń wọ inú ẹrù, kì í sì í jáde mọ́.

Awọ, ìyẹ́ àti òkú ẹyẹ tí wọ́n ki nǹkan sínú rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Láyé ìgbà yẹn arsenic àti iyọ̀ mercury ni wọ́n fi ń lé kòkòrò, DDT sì dé lẹ́yìn náà. Lẹ́búlẹ́bú funfun nídìí ìyẹ́ tàbí yí ojú ká jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n àìrí lẹ́búlẹ́bú kò sọ pé kò sí májèlé. Ìbọ̀wọ́ nitrile (irú rọ́bà kan) àti ìbomú ni kí wọ́n lò, kí ẹnikẹ́ni má gbọn ọ́n, kí wọ́n má sì fi lé ọmọ iléèwé lọ́wọ́.

Bí kòkòrò bá sì wà nínú aṣọ, ẹ fi ọ̀rá dì í pinpin, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ gbé e sínú fìrísà ní −30°C fún ọjọ́ 3, tàbí −20°C fún ọ̀sẹ̀ 2. Tó bá jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà fún wákàtí 24 ó kéré tán, torí ẹni tó bá kánjú tú u, omi ni yóò sẹ̀ sára ẹrù. Eyín erin àti igi tí wọ́n kùn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ní ti iná tuntun tí ẹ ń yìn, 50 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ti tó fún aṣọ, bébà àti ìyẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé àtòjọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gbogbo àlàfo rẹ̀. Nígbà tí Digital Benin, àtòjọ ẹrù Bìní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní oṣù kọkànlá 2022, ohun 5,246 láti ilé 131 ní orílẹ̀-èdè 20 ló wà lórí rẹ̀. Àtòjọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni ẹrù fi ń mọ ibi tó wà. Egungun èèyàn nìkan ni kí wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, títí wọn yóò fi bá ìran tó ni ín sọ̀rọ̀.

Nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún lọ, kó mú ohun márùn-ún lórí pẹpẹ, kó wá nọ́ńbà wọn nínú rẹ́jísítà. Kó tún mú márùn-ún nínú rẹ́jísítà, kó ní kí wọ́n fi ẹrù náà han òun. Kí ẹ tẹ ohun tó bá rí jáde.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé