Gọ́tà ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má wọn ẹni tó sọ ọ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ka ìròyìn yín nípa ọkùnrin tí wọ́n pariwo lé lórí nípàdé àdúgbò nígbà tó ní gọ́tà ti dí, nítorí pé ó ti kó owó ẹgbẹ́ jẹ rí. Lójú tèmi, wọn ò ṣe dáadáa. Owó àjọ tèmi náà ti bá irú rẹ̀ lọ rí, mo mọ bó ṣe ń dunni.

Ṣùgbọ́n bóyá gọ́tà dí tàbí kò dí, igi gbọọrọ ló máa sọ ọ́. Mo ki igi bọ èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa: iyẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ti gba ìdajì rẹ̀. Olè ló sọ ọ́ ni o, pásítọ̀ ni o, iyẹ̀pẹ̀ náà ò ní dín. Ìlú Ìbàdàn wa tó rí omíyalé odò Ògùnpa ní 1980 kò gbọdọ̀ kọ etí dídi sí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Àmọ́ bó bá wá ní kí a dá owó ìkógọ́tà sọ́wọ́ òun, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Kò sí igi tí a lè fi wọn ìyẹn. Ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá nìkan la ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá ní òun nìkan rí ẹni tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ lóru. Ní kóòtù pàápàá, wọ́n máa ń yẹ ẹlẹ́rìí wò bóyá ó ṣeé gbára lé.

Kí wọ́n yan akápò mìíràn, kí wọ́n sì kó gọ́tà náà kí òjò tó le.

Bíríkìlà,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.