Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, tó fẹ́ padà sí Agra

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá rí dókítà ọkàn yín ní Delhi, lórílẹ̀-èdè India níbí, lóṣù Kejì, pé tí wọ́n bá ti yẹ̀ yín wò tán, ẹ̀yin àti ìyàwó wa fẹ́ fi mọ́tò yípo Agra àti Jaipur, kí n bá yín to ọ̀nà náà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, màá tò ó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí orúkọ Agra nínú ọ̀rọ̀ yín ni inú mi bà jẹ́. Ẹ fara dà á tí mo bá sọ ju ohun tí ẹ béèrè lọ.

Oṣù Kejì tí ẹ mú dáa. Lóṣù Kọkànlá, èéfín ni gbogbo Delhi ń mí símú. Ní Kejìlá sí oṣù Kìíní, kùrukùru ń bo títì débi pé dírẹ́bà kì í rí mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀, mọ́tò á sì máa kọlu ara wọn. Tó bá di oṣù Karùn-ún, ooru ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ní àìsàn ọkàn ń bá ṣeré.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí onímọ́tò ka gbogbo owó pọ̀. Láti Delhi, ẹ máa wọ ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, lẹ́yìn náà Rajasthan, àwọn mọ́tò háyà kan sì ń san owó kí wọ́n tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn, owó tóò-géètì, owó páàkì àti owó tí dírẹ́bà fi ń sùn síta, gbogbo rẹ̀ ni kó wà nínú iye tí ẹ bá fẹnu kò sí. Ọ̀pọ̀ wọn ń ka kìlómítà 250 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn ín o, ẹ ò rìn ín o. Ọjọ́ tí ẹ bá jókòó sí Jaipur tí ẹ ò lọ síbì kankan, owó ṣì ń lọ.

Ní Delhi, Red Fort, odi àwọn ọba àtijọ́, kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ibojì Humayun, ọ̀kan nínú àwọn ọba náà, ni kí ẹ lọ wò, opó rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti rí i ló máa mọ ibi tí àwọn tó kọ́ Taj Mahal, ibojì mábù funfun tó wà ní Agra, ti rí àwòṣe.

Delhi sí Agra tó nǹkan bíi kìlómítà 230, Yamuna Expressway tí wọ́n ṣí ní 2012 ló sì kó 165 nínú rẹ̀. Ẹ sùn sí Agra mọ́jú. Ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ń ṣí Taj Mahal, ìgbà yẹn ni kí ẹ wà lẹ́nu géètì ìlà-oòrùn. Mọ́tò elépo kì í sún mọ́ ọn. Páàkì Shilpgram lẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ oníbátìrì. Rúpì 1,100 ni tíkẹ́ẹ̀tì àlejò, 200 sì ni àfikún fún àtiwọ inú ilé ibojì gan-an. Ẹ má ṣe ahun 200 yẹn. Wákàtí mẹ́ta ni tíkẹ́ẹ̀tì náà ń lò. Ẹ má gbé oúnjẹ, ìṣáná tàbí báàgì ńlá dání, wọ́n á dá yín padà lọ kó o pamọ́, èrò á sì ti kún kí ẹ tó tún tò.

Tí ẹ bá dé ara ògiri, ẹ sún ojú yín mọ́ àwọn òdòdó ara rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀dà. Òkúta olówó iyebíye ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n gbẹ́ ojú ihò rẹ̀ sínú mábù funfun, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ débi tí ojú ò fi rí ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní carnelian wà nínú wọn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, ó ń pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ tún wo kéwú tó yí ẹnu ọ̀nà po. Bó ṣe ń gòkè ni lẹ́tà rẹ̀ ń tóbi sí i, kó lè dọ́gba lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀.

Màmá ì bá fẹ́ràn ìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń tì í, Bọ̀ọ̀dá mi. Gbogbo Jímọ̀ ni. Kìkì àwọn tó ń bọ̀ wá kírun ní mọ́ṣáláṣí inú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i fún lọ́sàn-án. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ gbé Màmá lọ, tójú iṣẹ́ abẹ ò tíì jinná, ẹ ò sì bi mí. Ẹ dé ẹnu géètì, ẹ bá a ní títì, dírẹ́bà ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, ẹ sì ń bọ̀. Màmá ní kò burú, pé òun ṣáà rí ògiri pupa tó yí i ká. Títí tí wọ́n fi kú, wọ́n ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ti dé Taj Mahal. Wọn ò sọ pé àwọn ò rí i.

Kì í ṣe ti géètì tó tì ló ń dùn mí. Ọgbà kan wà ní òdìkejì odò Yamuna, Mehtab Bagh, kì í tì ní Jímọ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀, odò nìkan ló wà láàárín ẹ̀yin àti Taj. Agra Fort, odi àwọn ọba, náà kì í tì ní Jímọ̀. Ibẹ̀ ni Aurangzeb ti bàbá rẹ̀ mọ́ láti 1658, ọba Shah Jahan tó kọ́ Taj fún Mumtaz Mahal, ìyàwó tó kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ kẹrìnlá ní 1631. Láti ojú fèrèsé ilé ìṣọ́ ibẹ̀ ni bàbá náà ti ń wo ibojì ìyàwó rẹ̀ lókèèrè títí tó fi kú ní 1666. Ẹni tí ọmọ tì mọ́lé rí i. Màmá wa, tí ọmọ gbé jókòó sínú mọ́tò, ò rí i. Ẹ ò bá pè mí lórí fóònù ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ta ilẹ̀ láti fi san owó ilé ìwòsàn, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀ láé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jímọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Láti Agra, Fatehpur Sikri tó kìlómítà 40, ojú ọ̀nà Jaipur náà ló wà. Ọba Akbar ló bẹ̀rẹ̀ ìlú náà ní 1571, kò sì pẹ́ tó fi kó kúrò níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Buland Darwaza ga tó mítà 54, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga ju ohun tí ọkàn yín lè gbé. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà kejì, Badshahi Darwaza, wọlé. Àwọn kan á ní àwọn ni afinimọ̀nà ìjọba, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra aṣọ fún ibojì Salim Chishti, àlùfáà Mùsùlùmí kan. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ.

Lọ́nà Jaipur náà, ẹ yà sí Abhaneri wo kànga Chand Baori. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tó 3,500, wọn ò jẹ́ kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́. Ní Jaipur, ẹ wo ààfin Hawa Mahal láàárọ̀, torí ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Ẹ gba jíìpù gun òkè odi Amber, ẹ má fẹsẹ̀ gùn ún.

Níbí, iṣẹ́ ò lọ mọ́. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, àwọn aláìsàn tó ń wá láti ilé ti dín kù gan-an, ilé tí mo sì yá fún wọn, owó rẹ̀ ti di ẹrù sí mi lọ́rùn. Onílé ti ní òun máa fowó kún un. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí nígbà tí Màmá kú, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ni mi ò fi wálé ìsìnkú; mo tún ti ń sáré òmíì báyìí. Mo ti ń rò ó pé kí n kúkú máa bọ̀ nílé. Yàrá Màmá lẹ́yìnkùlé ńkọ́, ṣé ẹ ti fi háyà? Tí kò bá tíì sẹ́ni níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni títí tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Àbúrò yín ni