Ìbú Àtẹ́lẹwọ́ Kan

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, arábìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní, "Pásítọ̀, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìràwọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Ọlọ́run ti gbàgbé mi ni?" Mo gbàdúrà fún un, ó lọ sílé, àmọ́ ìbéèrè náà bá mi délé. Òun ló mú mi rántí obìnrin ará Jámánì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífò sókè. Ulrike Meyfarth lorúkọ rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà: wọ́n á gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí igi méjì. Wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Gìgísẹ̀ lásán lè gbọ̀n ọ́n bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń fò á sáré wá, á fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ta kúrò nílẹ̀, á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Tó bá kọjá, wọ́n á tún gbé e sókè. Tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ó parí nìyẹn. Ní ọdún 1968, Dick Fosbury ará Amẹ́ríkà fi ẹ̀yìn gba orí ọ̀pá kọjá ní Mexico City, ó gba góòlù, Meyfarth sì wà lára àwọn tó tètè gba ọ̀nà tuntun yẹn. Ẹni tó bá ń fò bẹ́ẹ̀ kì í rí ọ̀pá mọ́ tó bá ti dé òkè rẹ̀. Ojú ọ̀run ló ń wò. Ìwàásù kan wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, nínú Òlíńpíìkì ní Munich. Ọmọ ọdún 16 ni Meyfarth, ọmọ iléèwé. Mítà 1.85 ni gíga jù lọ tó tíì fò rí kó tó débẹ̀. Àwọn ọ̀gá eré náà pé síbẹ̀: Ilona Gusenbauer ará Austria, ẹni tó fò ga jù láyé nígbà náà pẹ̀lú 1.92, àti Yordanka Blagoeva ará Bulgaria. Àwọn méjèèjì dúró sí 1.88. Ọmọ yìí kọjá 1.90, ó tún kọjá 1.92, ó sì bá ẹni tó fò ga jù láyé dọ́gba lójú àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀. Títí di òní, kò sí obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó dá góòlù tirẹ̀ gbà nínú eré orí pápá Òlíńpíìkì.

Ayọ̀ náà ò rí ilẹ̀ mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kejì ni àwọn agbébọn wọ ibùgbé àwọn eléré, mọ́kànlá nínú ikọ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n sì pa. Kí oṣù yẹn náà tó tán, Blagoeva fò 1.94.

Lẹ́yìn náà ni ọdún àárín bẹ̀rẹ̀. Nínú Òlíńpíìkì Montreal lọ́dún 1976, Meyfarth kò tilẹ̀ dé àṣekágbá. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogún ọdún kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, tó ń kó bàtà sínú báàgì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra àṣekágbá. Ayé ò sì dúró dè é. Lọ́dún 1977 Rosemarie Ackermann ti Jámánì Ìlà-Oòrùn di obìnrin àkọ́kọ́ tó fò mítà méjì gbáko. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Sara Simeoni ará Ítálì fò 2.01. Nígbà tó di 1980, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, ilẹ̀ Meyfarth, ní àwọn ò lọ sí Òlíńpíìkì Moscow nítorí ogun tí Soviet gbé wọ Afghanistan. Meyfarth ò ṣẹ̀, kò rò. Ilẹ̀kùn kàn tì mọ́ ọn ni. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí góòlù rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á ní tirẹ̀ ti tán.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gba rúlà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo wọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sórí ìwé, mo sì gbé ọwọ́ mi lé e. Láti ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré dé ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, ó bò ó gẹ́lẹ́. Ohun tó wà láàárín 1.92 ti Munich àti 2.02 tí Meyfarth fi gba góòlù rẹ̀ kejì ní Los Angeles lọ́dún 1984 nìyẹn. Ọdún méjìlá, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Kò tó sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún! Ta ni ojú rẹ̀ mú tó láti rí irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ lára ọmọ rẹ̀, tàbí lára ìyàwó rẹ̀, tàbí lára ara rẹ̀ nínú dígí?

Síbẹ̀, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ náà ní Los Angeles, 1.97 ni ẹni tó ṣe ipò kẹta fò. Ká ní ohun tí Meyfarth ní nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16 nìkan ló gbé débẹ̀, ọwọ́ òfo ni ì bá gbé padà. Simeoni, tó ṣe ipò kẹfà ní Munich, ló bá a dù ú dé ìparí. Simeoni dúró sí mítà méjì.

Mi ò ní fi òótọ́ pamọ́: àwọn alágbára kan kò sí níbẹ̀. Tamara Bykova ará Soviet ti ṣẹ́gun Meyfarth nínú ìdíje àgbáyé ní Helsinki lọ́dún tó ṣáájú, Lyudmila Andonova ará Bulgaria sì ti fò 2.07 lọ́dún náà gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba tiwọn ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó dùn mí fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́ ní 1980, tí kò jókòó sunkún sẹ́nu ọ̀nà, ló wà ní ìmúrasílẹ̀ nígbà tí òmíràn ṣí.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 37 ẹsẹ 2: ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù. Ẹ ṣí orí 41 ẹsẹ 46: ọmọ 30 ọdún ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Àwa oníwàásù fẹ́ràn àlá, a fẹ́ràn ààfin, a máa ń sáré kọjá ọdún mẹ́tàlá àárín. Ọmọ ọdún 17 yẹn, àlá tirẹ̀ ló ń sọ fún gbogbo ará ilé, bí ìtí ọkà wọn ṣe wólẹ̀ fún tirẹ̀. Nínú ẹ̀wọ̀n, àlá ẹlòmíràn ló ń gbọ́. Nígbà tó dé iwájú ọba, ó ní kì í ṣe òun, Ọlọ́run ni yóò dáhùn. Ẹ wọn ìyẹn wò. Bóyá kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ ilẹ̀ Íjíbítì ì bá ti kú fún ebi láìsí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ẹ má fi ohun tí ọmọ ṣe lọ́mọ ọdún 16 na án lẹ́gba lọ́mọ ọdún 25. Èmi náà jẹ̀bi. Mo ti dúró síwájú ìjọ rí, mo pe ọ̀dọ́kùnrin kan síta pé "ẹni tó gba ipò kìíní," lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti gbà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tẹ ojú mọ́lẹ̀ títí ó fi padà jókòó. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Nínú Sáàmù 39 ẹsẹ 5, Dáfídì ní Ọlọ́run ti sọ ọjọ́ òun dàbí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà ìsìnkú ni mo sábà máa ń ka ẹsẹ yẹn. Ọjọ́ Ẹtì tí ọwọ́ mi wà lórí rúlà ni mo kọ́kọ́ kà á pẹ̀lú ayọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú, mo máa dúró ní yàrá àdúrà títí ẹni ìkẹyìn á fi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín Munich àti Los Angeles, ẹ wá. Mi ò ní bi yín ní ohun tí ẹ gbà nígbà kan rí. Rúlà náà á wà lórí tábìlì.

Olùṣọ́-àgùntàn yín