Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ láti Gadchiroli

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ara Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rí fọ́tò aṣọ tí ẹ yàn. Ó rẹwà! Bí ẹ bá yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó máa ra aṣọ ẹbí, a ó jọ wò ó. Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn.

Gadchiroli ni mo wà báyìí, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé mi wá láti Nagpur. Ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà lápá ìlà-oòrùn ni. Béèyàn bá kọjá ibẹ̀, ó di ìpínlẹ̀ Chhattisgarh. Ilẹ̀ ibí ju ìlọ́po méjì Èkìtì lọ, àmọ́ díẹ̀ ni èèyàn tí wọ́n kà ní 2011 fi lé ní mílíọ̀nù kan. Igbó ló gba ìyókù. Bí o bá pín ilẹ̀ wọn sọ́nà mẹ́rin, igbó gba mẹ́ta tán, ó tún lé. Ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé ìlú Wadsa nìkan ni rélùwéè dé ní gbogbo agbègbè yìí.

Ìwọ ì bá rí àwọn obìnrin ibí ní ìdájí! Òdòdó igi mahua ló ń rẹ̀ lásìkò yìí. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ìyá tí mo wọ̀ sílé rẹ̀ á ti gbé apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti kọ́kọ́ sun ewé gbígbẹ abẹ́ igi, kí òdòdó má baà sọnù sínú pàǹtí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ṣà á níkọ̀ọ̀kan. Ó tutù, ó nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ nítorí adùn inú rẹ̀. Wọ́n á sá a, wọ́n á ta díẹ̀ lọ́jà, wọ́n á fi ìyókù pọn ọtí. Epo ni wọ́n ń fún lára kóró rẹ̀. Ẹbí kan náà ni òun àti igi òrí tí Ìyá Àgbà yín ń ṣa èso rẹ̀ ní Ṣakí. Tó bá di oṣù Karùn-ún, ewé tendu ló kàn, èyí tí wọ́n fi ń wé sìgá bídì. Lẹ́yìn náà òjò á dé, ìrẹsì á bẹ̀rẹ̀.

Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Mendha-Lekha, ìtàn wọn wú mi lórí gan-an. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń wo ọparun inú igbó wọn tí àwọn oníléeṣẹ́ pépà ń gé e lọ. Òfin ẹ̀tọ́ igbó jáde ní 2006. Ní 2009 wọ́n gba ìwé lórí nǹkan bí hẹ́kítà 1,800. Ní 2011 mínísítà ètò àyíká, Jairam Ramesh, wá fúnra rẹ̀ gbé àṣẹ lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa ta ọparun wọn. Wọn kì í dìbò nípàdé. Wọ́n á jókòó títí ohùn gbogbo wọn á fi ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní Surjagarh, irin ni wọ́n ń wà lórí òkè, ìyẹn ṣì ń dá ìjà sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ilé yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Lálẹ́ àná, orúnkún ló mú un. Ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà di ẹsẹ̀ mú, kò ké, ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi. Ìwọ náà ì bá mọ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde ni, èyí tí a bá Dèjì, ọmọ Màmá, jà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Gond àti Madia tó ni igbó yìí. Ibà ló sọ ọ́ di púpọ̀ níbí bó ṣe sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́dọ̀ wa: ibà kì í tètè pa ọmọ tó jẹ́ AS, ọmọ tó bá wá gba S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ní oṣù Keje 2023, Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, ṣí ètò kan ní ìlú Shahdol láti yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 70 wò. Wọ́n ń fún èèyàn ní káàdì, kí ọkùnrin àti obìnrin lè fi tiwọn wéra kí wọ́n tó fẹ́ra. Àwọn Gond sì ti ní ìwádìí tiwọn tẹ́lẹ̀: iye òrìṣà tí ìdílé ń bọ ni wọ́n ń bi ara wọn, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje. Bó bá dọ́gba, kò sí ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wá dé. AS ni ọ́, ọjọ́ kan náà la jọ ṣe àyẹ̀wò. Kúnlé ńkọ́? O ní ó sọ pé AA lòun, àmọ́ o ò sọ fún mi pé o rí ìwé. Jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, kí ẹ tó ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, ẹ jọ lọ ṣe jíínótáìpù, kí ẹ ṣe é níbi méjì. Bínú sí mi bí o bá fẹ́. Mi ò fẹ́ bá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ bí a ṣe máa ń bá Màmá.

Jẹ́ kí n gbọ́ èsì kí oṣù Kẹfà tó wọlé. Bhamragad ni wọ́n máa gbé wa lọ lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí odò mẹ́ta ti pàdé, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, omi a máa gé ọ̀nà ibẹ̀.

Bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni,
Àjọkẹ́