Lẹ́tà sí Bọ́lá lórí ọ̀rọ̀ drone

Ìsánlú,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kun o. Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ẹ mì? Màmá ń kí ẹ, wọ́n ní kó o má gbàgbé oògùn orúnkún àwọn.

Mo ti gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́, pé ẹ̀yin ọmọ Yàgbà tó wà níbẹ̀ fẹ́ dáwó ra drone, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú yẹn, fáwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú wa. Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bà mí díẹ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ta ló ní ohun tó ń fò bí kò ṣe ìjọba? Lónìí, drone olówó pọ́ọ́kú, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ ń wá láti Ṣáínà, ló ń jó ọkọ̀ ogun olówó gọbọi ní Ukraine. Àwọn agbésùnmọ̀mí ISWAP ní Borno náà ti ń so bọ́ǹbù mọ́ ọn, wọ́n ń jù ú sí ibùdó sójà. Ọjà tó ń tà fún yín ń tà fún wọn.

Kì í kúkú ṣe òní ni ohun ogun bẹ̀rẹ̀ sí í wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ìjọba. Àwọn ọmọ ogun tó gba Kàbà kọjá lọ ṣẹ́gun Bídà ní oṣù Kínní ọdún 1897, oníṣòwò ló ni wọ́n: Royal Niger Company, tòun ti ìbọn Maxim tó ń yìn léraléra. Kó tó dìgbà yẹn, orí òkè làwọn baba wa ń sá sí fún ẹlẹ́ṣin Núpé. Ẹṣin ò lè gun àpáta. Drone ń gùn ún.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti kámẹ́rà. O mọ̀ pé Eruku, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀. Lọ́jọ́ táwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìsìn náà ń lọ lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ lo pè mí láti Toronto kí n tó gbọ́ nílé ńbí! Ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Charles Krulak, ti sọ ọ́ láti ọdún 1999 pé ohun tí kọ́pùrà kan ṣoṣo, sójà onípò kékeré, bá ṣe lójú ogun lè tú ètò àwọn ọ̀gá rẹ̀ ká, torí gbogbo ayé ló ń wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti ní fóònù ti di kọ́pùrà yẹn. Láìpẹ́ yìí ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp ìlú pé, "Àwọn ọdẹ wa ti gba ọ̀nà odò wọgbó o, ẹ fàdúrà tì wọ́n lẹ́yìn." Làmín bá ń rọ́ lura wọn. Olórí ọdẹ ò ṣàmín ní tiẹ̀. Òru yẹn náà ló pe àwọn ọmọ rẹ̀ padà, ó ní ta ló mọ ẹni tó ń kà á.

Ní ti drone, kò gbọdọ̀ wọlé láìsí ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Kọ́sítọ́ọ̀mù á kàn gbẹ́sẹ̀ lé e ni. Bàtà òjò làwọn ọdẹ ń béèrè, àti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí. Ẹ kọ́kọ́ fìyẹn ránṣẹ́. Kó o sì bá mi bẹ àwọn yòókù: bẹ́ ẹ bá dáwó náà tán, ẹ má gbé e sórí Facebook.

Èmi ni,
Táyọ̀