Lẹ́tà sí màámi, nítorí àpòòwé ìkórè kan

Màámi,

Ìwé ilẹ̀ ni mò ń wá tí mo fi ṣí Bíbélì yín. Ẹ ò kúkú ní àpótí mìíràn. Rìsíìtì iná wà níbẹ̀, fọ́tò ìsàmì ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, àfi bí àpòòwé ìkórè 1998 ṣe já bọ́ láàárín Orin Dáfídì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Owó WAEC mi ni. Odidi ọdún la fi rẹ aṣọ láró, tí ẹ ń rù ú lọ Ìtòkú, tí ẹ ń so èrè rẹ̀ mọ́ etí ìró. Nígbà tí ilé-ìwé wá béèrè owó, ẹ ní ẹ ti fi ṣe ìkórè. Ẹ ní Olúwa á pèsè. Ẹ ò gbójú sókè, aṣọ lẹ̀ ń fún, omi aró ń ro tó, tó, tó sínú bàsíà. Àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó ìdánwò, èmi jókòó ti ìkòkò aró.

Mo ṣe ìdánwò náà lọ́dún kejì, mo sì yege. Kí ló wá dé tí mi ò lè gbàgbé? Ẹ sunkún nítorí mi lójú ikúnlẹ̀ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wẹ àwọn ọmọ mi, ẹ fi aṣọ òkè yín ta mí lọ́rẹ. Síbẹ̀, tí wọ́n bá dárúkọ yín, bàsíà yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.

Nígbà tí mo bínú lọ́jọ́ náà, ìtàn Àfálà, ìyá Àjàyí Crowther, lẹ sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ mo ti gbọ́ ọ títí etí mi fi kún. Pé wọ́n kó Àjàyí ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, pé 1846 ló tó tún fojú kàn án ní Abẹ́òkúta wa níbí, tí Crowther ti di àlùfáà. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Ẹ ní kí ni ọdún kan péré jẹ́ lára ìyẹn? Ohun tí mi ò lè dá yín lóhùn nígbà náà rèé: Àfálà kò ní Orin Dáfídì kankan tó lè ṣí lóru. Ọmọ tó sọnù náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Kò sẹ́ni tó fi ẹsẹ Bíbélì kankan pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ má bínú. Ojú ìwé tí àpòòwé náà ti bọ́ ni mo ń wò báyìí. Orí 121 ni. Àmì ìka yín wà níbẹ̀, aró ti rá sínú bébà, ó sì dúró gan-an lórí “níbo ni ìrànlọ́wọ́ mi yóò ti wá?” Kò dé ẹsẹ kejì. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa ń yára dé ẹsẹ kejì ni.

Iye tó wà lára àpòòwé náà ló sì ń dà mí láàmú jù. Ìdajì owó WAEC ni, Màámi. Ìdajì péré! Níbo ni ìyókù wọlé sí? Ọdún yẹn kọ́ ni Bàámi wà nílé láìníṣẹ́, tí àwọn kan ń wá kanlẹ̀kùn ní ìdájí?

Baba àwọn ọmọ mi ṣì wà lórí ibùsùn. Apá ọ̀tún kò tíì gbé nǹkan láti ìgbà Lẹ́ńtì tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń kọjú sí ògiri tí mo bá ń ṣe é. Mò ń kọrin yín fún un, nítorí àdúrà kì í jáde lẹ́nu mi mọ́, orin nìkan ló ṣì ń jáde. Nígbà míì, á bá mi gbè é ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi béèrè owó WAEC tirẹ̀. Oògùn ló bá a lọ. Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Mo bá ní mo ti fi ṣe ìkórè.

Ọmọ náà wò mí. Ọlọ́run ni mo rí pé ó ń bínú sí, Màámi, èmi àti Ọlọ́run. Aṣọ wà lọ́wọ́ mi. Mo ń fún un lọ.