Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Èéfín Tó Ń Wọ Adágún Ewédò Wa

Sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa tí à ń gbin ewédò tíntìntín, ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi, bíi spirulina àti chlorella la kọ ìwé yìí. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ kan tó máa ń wà nínú èéfín, ni oúnjẹ ewédò. Kìlógíráàmù 1 ewédò tó gbẹ ti jẹ nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.8 rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fa páìpù èéfín láti ilé-iṣẹ́ ńlá wá sí adágún wa. Iṣẹ́ tó wúlò ni, a ò fẹ́ kó dúró.

Ṣùgbọ́n èéfín kì í dá rìn. Níbi tí wọ́n bá ti ń sun èédú ilẹ̀, májèlé bíi òjé, kádímíọ́mù, ásẹ́nìkì àti mẹ́kúrì lè bá a wá. Òjé àti kádímíọ́mù sábà máa ń lẹ̀ mọ́ eruku, asẹ́ tó dára sì lè mú púpọ̀ nínú wọn. Mẹ́kúrì ló ń kó wa lọ́kàn sókè jù, torí pé ó máa ń di afẹ́fẹ́, á sì gba inú asẹ́ eruku kọjá. Èédú tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ láti fa májèlé mọ́ra ló lè mú un. Bẹ́ẹ̀ ara ewédò náà ń fa irú nǹkan wọ̀nyí mọ́ra, kódà lẹ́yìn tó ti kú. Lítà omi kan nínú adágún kì í sábà mú ju gíráàmù 1 ewédò gbígbẹ jáde, nítorí náà ohun tí kò tó nǹkan nínú omi á ti pọ̀ nínú ìyẹ̀fun ewédò. Omi lásán ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Ní Yúróòpù, oúnjẹ àfikún ò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 0.1 mẹ́kúrì tàbí mílígíráàmù 3 òjé lọ nínú kìlógíráàmù kan.

Ẹ̀bẹ̀ wa àkọ́kọ́, òun náà ló ká wa lára jù: ẹ fi òfin de ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa léèéfín pé kí wọ́n sọ fún wa kí wọ́n tó pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń sun. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun táyà, èéfín tàná kọ́ ló ń tú jáde mọ́. Tí a bá mọ̀ ṣáájú, a ó ti páìpù pa títí àyẹ̀wò yóò fi jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí asẹ́ eruku àti èédú afàmọ́ra wà lẹ́nu gbogbo páìpù, kí láàbù tí kì í ṣe tiwa, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, sì máa yẹ ìkórè kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá kọjá òṣùwọ̀n ò gbọdọ̀ di oúnjẹ ènìyàn, ẹran tàbí ẹja, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ di ajílẹ̀. A ti ṣe tán láti san ìpín tiwa nínú owó àyẹ̀wò náà.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́